Ẹ dá Peter Grant padà sórí pẹpẹ: lẹ́tà ṣíṣí sí alákòóso ilé-ìkàwé wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Sí Bàbá Alákòóso àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ilé-ìkàwé,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbálẹ̀, tí ẹ ń to ìwé. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde kò jẹ́ kí n lè pẹ́ lórí ìkíni.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wá dá apá kejì ìwé kan padà, mo sì fẹ́ yá apá kẹta. Mo bá àyè rẹ̀ lófìfo. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní wọ́n ti kó apá kìíní àti apá kẹta sínú àpótí onírin tó wà lẹ́yìn, pé apá kejì tí mo mú wá náà ń bá wọn lọ, pé ìgbìmọ̀ ló pàṣẹ, pé òbí kan ló wá fẹjọ́ sùn pé ìwé àjẹ́ ni. Mo bi í pé ta ló kà wọ́n nínú ìgbìmọ̀. Ó wolẹ̀. Mi ò bá ọmọ náà wí, kì í ṣe òun ló ti àpótí. Ẹ̀yin ni mo wá bá sọ ọ́, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba torí pé ìwé gbogbo ìlú ni ẹ tì mọ́lé.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ̀ ọ́n: ọ̀wọ́ ìtàn kan ni, tí Ben Aaronovitch, ọmọ Lóńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Apá mẹ́ta àkọ́kọ́, tí wọ́n tú sí Faransé, ni ilé-ìkàwé wa ní. Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Peter Grant, ní Lóńdọ̀nù òde òní tí ọkọ̀ ń lọ tí fóònù ń dún, ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn lóru ní Covent Garden. Ẹnìkan tọ̀ ọ́ wá pé òun rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àṣé òkú ni ẹlẹ́rìí náà, ó ti kú tipẹ́. Ọmọ náà kò sá. Ó yọ ìwé pélébé rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí òkú ń sọ. Ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Mo ní ọmọ-iṣẹ́ mẹ́fà, obìnrin ni gbogbo wọn, méjì péré ló ka ìwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà òjò tó kọjá, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí iná sì wà, mo máa ń ṣí ìwé náà, mo máa ń fojú kà á ní Faransé, mo sì ń fẹnu sọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n á máa ṣẹ́tí aṣọ lọ. Bí mo bá dákẹ́ láti mu omi, gbogbo abẹ́rẹ́ á dúró. Nítorí náà, kì í ṣe èmi nìkan ni ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n to ẹjọ́ mi lẹ́sẹẹsẹ.

1. Orúkọ tó wà lára èèpo ìwé ni ẹ dá lẹ́jọ́, orúkọ náà kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí ẹ rí lára ìwé ni "Le Dernier Apprenti sorcier", orúkọ tí wọ́n fún gbogbo ọ̀wọ́ náà ní Faransé. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn, "sorcier", ṣe ń dún létí wa. Ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, bí wọ́n bá pe ènìyàn bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ronú nípa ẹni tó ń pidán. Àjẹ́ ni wọ́n pè é, oṣó ni, ẹni tó ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ lóru. Ọ̀rọ̀ yẹn lè sọ ìyá arúgbó di aláìnílé láàárín ọjọ́ kan. Àyà òbí tó rí i lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe kó má já. Mi ò bínú sí i.

Àmọ́ ẹni tó kọ ìwé kò kọ "sorcier" síbì kankan lára èèpo. Rivers of London lòun pe apá kìíní: Àwọn Odò Lóńdọ̀nù. Odò ló fi sórúkọ, kò fi àjẹ́ sí i. Apá kejì, Moon Over Soho ló pè é, ìyẹn Òṣùpá Lókè Soho, adúgbò àwọn olórin. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní Faransé: "Magie noire à Soho". Òṣùpá di idán dúdú! Orúkọ apá kìíní àti ti apá kẹta ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì jọ pé àwọn náà ti bá ìkejì wọn lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn tó ń tàwé ní Paris ló fún un ní orúkọ tí yóò tà lójú ọjà tiwọn, àwa sì fi orúkọ ìnagijẹ yẹn dá a lẹ́bi ní Kétu.

Kí ló dé tí ojú gbogbo yín fò kọjá "apprenti"? Ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ dunjú nìyẹn. Ọmọ-iṣẹ́ ni. Peter búra níwájú ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní idán kó tó bẹ̀rẹ̀, bí òbí àwọn ọmọ mi ṣe wá jókòó sílé mi kí ọmọ wọn tó di máṣíìnì mú. Òtítọ́ yìí wà nínú ìwé náà. Ẹ ì bá rí i ká ní ẹ ṣí i.

2. Ẹ wo irú ọmọ tí Peter Grant jẹ́.

Ọmọ Sàró ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe, ó ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì olọ́fíìsì kí ọmọ rẹ̀ lè dúró. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, àgbà olórin jáàsì tí oògùn olóró ti ba iṣẹ́ orin rẹ̀ jẹ́. Nínú ilé yẹn ni Peter ti jáde wá di ọlọ́pàá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò rí nǹkan gidi lára rẹ̀, iṣẹ́ kíkọ fọ́ọ̀mù ni wọ́n fẹ́ gbé e sí, torí pé bí wọ́n bá rán an wo nǹkan kan, nǹkan mìíràn lójú rẹ̀ máa ń lọ. Ẹ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. A ní wọn ní gbogbo kíláàsì, a sì máa ń nà wọ́n.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó máa ń béèrè ìdí. Nínú ìtàn yìí, bí wọ́n bá ṣe idán nítòsí fóònù, fóònù á kú. Nígbà tí tirẹ̀ kú, kò sọ pé ayé ló ń ṣe òun. Ó tú u, ó bá a pé ọpọlọ rẹ̀ ti di iyanrìn kíkúnná. Ó wá wá àwọn ẹ̀rọ mìíràn, ó tò wọ́n sí ibi tó jìnnà síra, ó pidán, ó wo èyí tó kú àti èyí tó yè, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi, èyí tí kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ mi, gbọ́ ibẹ̀ yẹn, ó sì bi mí lọ́jọ́ kejì pé kí ló dé tí òwú kan ń já lórí máṣíìnì kan tí kì í já lórí èkejì. Ó fẹ́ pààrọ̀ wọn kí òun wò ó. Mo gbà fún un. Èmi ni mo ní ká máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí pé òun ló ṣe pàtàkì jù fún àwọn ọmọkùnrin wa. Idán inú ìwé yìí kì í yá. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni Peter fi ń gbìyànjú kí iná kékeré kan ṣoṣo tó tàn ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní láti kọ́ èdè Látìn. Ẹni tó bá ń kánjú, ọpọlọ rẹ̀ máa bàjẹ́, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Dókítà Walid sì fi ọpọlọ ẹni tó kánjú kú hàn án, ó ti rí jágajàga bí ohun tí kòkòrò jẹ. Ẹ fi wé ohun tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ lójoojúmọ́. Àwọn gáyémàn, àwọn ọmọ tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì, ń fi mọ́tò tuntun kọjá, wọ́n ń sọ fún wọn pé kíníńsì, oògùn owó, ló ń fa owó wá lóru ọjọ́ kan. Ìwé tó ń sọ pé kò sí ọ̀nà àbùjá ni ẹ kó pamọ́. Kíníńsì wà níta gbangba.

3. Mama Thames kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa.

Mo rò pé òun ni òbí yẹn rí tó fi bínú, òun náà ló sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Nínú ìtàn náà, odò Thames ní òòṣà, wọ́n sì jẹ́ méjì. Bàbá arúgbó kan, Father Thames, ló ni gbogbo rẹ̀ látijọ́. Ní ìgbà ooru ọdún 1858, ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ìlú kún inú odò náà tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn rẹ̀ fi lé àwọn aṣòfin lórí ìjókòó. Ìyẹn kì í ṣe àròsọ, ó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní láti rẹ aṣọ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀ sínú oògùn apòórùn. Ìtàn ní àwọn ọmọ bàbá náà kú nínú ẹrẹ̀ yẹn, òun sì kẹ̀yìn sí Lóńdọ̀nù, ó gba òkè odò lọ, kò padà mọ́. Ìlú ńlá wá wà láìní ẹni tó ni omi rẹ̀.

Ta ló gbà á? Ọmọbìnrin kan láti Nàìjíríà, tó wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀kọ́ náà kò lọ dáadáa, ọkùnrin tó fẹ́ràn já a kulẹ̀, ó sì lọ dúró lórí afárá lálẹ́, ó fẹ́ bá omi lọ. Omi gbà á, àmọ́ kò pa á. Ó fi í joyè. Láti ọjọ́ náà, òun ni Mama Thames, láti Teddington títí dé òkun, àwọn odò kéékèèké sì di ọmọbìnrin rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ fi ọwọ́ sí àyà yín. Níbo lẹ ti gbọ́ ìtàn obìnrin tí ọ̀rọ̀ ọkọ dùn débi pé ó di odò? Ṣé kì í ṣe Ọbà nìyẹn, tí ojú tì nítorí etí tó gé sínú ọbẹ̀ Ṣàngó? Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Ọya ṣe lọ, àti Ọ̀ṣun? Èyí tí ó ń yà mí lẹ́nu títí di ọ̀la ni pé òyìnbó kan jókòó ní Lóńdọ̀nù, ó wá ẹni tó lè gba odò ìlú rẹ̀ kúrò nínú ìdọ̀tí, kò sì rí ẹlòmíràn àfi ọmọbìnrin ìhà ọ̀dọ̀ wa. Kétu ló sì yẹ kó kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ yìí lọ sí Bahia gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì dání, títí di òní ni wọ́n sì ń pe ìsìn wọn ní Brazil ní Ketu, orúkọ ìlú wa. A mọ̀ pé ẹni tó bá rìn jìnnà máa ń gbé omi ilé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Peter kọ́kọ́ dé ilé Mama Thames, wọ́n gbé tíì àti bísíkíìtì síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá bí òun bá jẹ ẹ́, òun yóò jẹ gbèsè. Ìgbà tí ìyá náà sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé kó jẹ, pé kò ní gbèsè nínú, ló tó jẹ. Àwọn ọmọ mi pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn ni ìyá wọn ti kìlọ̀ fún pé wọn kì í jẹ nílé ẹni tí wọn kò mọ̀. Wọn ò tíì bá ìkìlọ̀ ìyá wọn pàdé nínú ìwé Faransé rí.

Mi ò ní lè fi Lady Ty sílẹ̀. Tyburn ni odò tirẹ̀, odò gidi, abẹ́ ilẹ̀ ló ń ṣàn báyìí, wọ́n ti fi títì àti ilé ọlọ́lá bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ́lé lé e lórí, ó sì tún jáde wá, ó kàwé, ó mọ àwọn tó wà ní ìjọba, ó ní kí gbogbo wọn máa fi ọ̀wọ̀ pe òun. Peter bẹ̀rù rẹ̀. Èmi gba tirẹ̀ ju ti Beverley, àbúrò rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń gba tirẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi kò fohùn ṣọ̀kan lórí èyí, a jà sí i di aago mẹ́wàá òru.

4. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyí.

Mo máa ké e kúrú. Lóru ọjọ́ Ẹ̀fẹ̀, ní ojú ọjà, níwájú ọmọdé àti àgbà, a máa ń kí àwọn ìyá wa, a máa ń júbà agbára wọn, a sì máa ń fi orin sọ òtítọ́ fún ìlú. Ní ọdún 2001 UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú àkójọ àjogúnbá ẹ̀dá ènìyàn. Ọmọ Kétu tí wọ́n bá gbé sí èjìká bàbá rẹ̀ láti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó ti kọ́ láti inú orin pé agbára ń bẹ láyé tí ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣìnà nítorí òòṣà odò inú ìwé. Fágúnwà tẹ ìtàn ọdẹ àti iwin jáde ní 1938, àwọn olùkọ́ sì ti fi kọ́ ọmọ Yorùbá láti ìran dé ìran. Ta ni iwin rẹ̀ gbé lọ?

5. Lesley.

Èyí ló mú kí n mú kálámù.

Lesley May àti Peter jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́pàá ni. Òun ló já fáfá jù, òun ni gbogbo ọ̀gá ń fẹ́, ó sì rẹwà. Ní òpin apá kìíní, ẹ̀mí burúkú kan lò ó, ó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ti fọ́ yángá. Ẹni tó kọ ìwé kò wò ó sàn lójú ewé kejì. Ní apá kejì, Lesley fara pamọ́ sílé bàbá rẹ̀ létí òkun, kò fẹ́ kí Peter rí òun, kò lè sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ-iṣẹ́ mi kan wà. Epo kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, ló gbiná mọ́ ọn lára nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ìgò já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ìhà òsì ojú rẹ̀ dé ọrùn ló jó. Ó máa ń jókòó kọ ìhà yẹn sí ògiri. Bí oníbàárà bá wọlé, á tẹ orí ba aṣọ. Nígbà tí mo ka ibi tí ojú Lesley ti bàjẹ́, mo fẹ́ fò ó, mo sì wojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má fo nǹkan kan." Mo kà á.

Láti ìgbà yẹn ni kò ti béèrè nípa Peter mọ́. Lesley ńkọ́? Ṣé Lesley ti jáde? Ṣé wọ́n gbà á padà síṣẹ́? Ní òpin apá kejì, Lesley pe Peter, ó na ọwọ́, iná sì tàn ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ó ti kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ọmọ yìí fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò kọ ojú sí ògiri.

Mo ti ka apá kẹta tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ pé Lesley fi ìbòjú bojú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n má sọ ọ́, pé òun fẹ́ fojú ara òun kà á. Kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí ó ti ń kọ́ Faransé kíkà lọ́dọ̀ mi ní ọ̀sán Sunday, ó ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ìwé tó ń kọ́ ìwé kíkà nítorí rẹ̀ ló wà nínú àpótí onírin yín.

6. Ohun tó tọ́ nínú ẹ̀sùn náà, mo gbà á.

Ìwé yìí kì í ṣe ti ọmọdé kékeré. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní apá kìíní, wọ́n pa ọmọ ọwọ́, mo pa ibẹ̀ jẹ nígbà tí mò ń sọ ọ́, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n ti pa á jẹ. Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ àti èébú náà wà níbẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá mú un lọ sílé, àwa tó yẹ ká ṣọ́ ọ la jẹ̀bi. Àmọ́ ọ̀nà tí a fi ń ṣọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá yàtọ̀ sí ọ̀nà tí a fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Ohun tí mò ń béèrè nìyí, Bàbá. Kí ẹ kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, kí ẹ sì tò wọ́n sórí pẹpẹ àgbàlagbà, kí ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún má lè yá a àfi tí òbí rẹ̀ bá tẹ̀lé e wá. Kí ọmọ ìgbìmọ̀ méjì, ó kéré tán, ka apá kìíní parí kí ẹnikẹ́ni tó tún dá a lẹ́jọ́. Bí àyè kò bá gbà wọ́n, mo ṣetán láti wá sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, ìrọ̀lẹ́ mẹ́jọ máa tó. Kí ìgbìmọ̀ má tún mú ìwé kankan kúrò láìlẹ orúkọ ìwé náà àti ìdí rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó ń kà á lè wá gbèjà rẹ̀. Kí ẹ sì pe òbí tó fẹjọ́ sùn, kí òun náà wá síbẹ̀. Mo fẹ́ jókòó tì í. Mo rò pé bó bá gbọ́ bí Peter ṣe kọ̀ láti jẹ bísíkíìtì, inú rẹ̀ máa rọ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo máa wá sí ilé-ìkàwé. Ọmọ-iṣẹ́ mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ máa bá mi wá. Ó ti san owó káàdì tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe tèmi. Apá kẹta ló fẹ́ yá.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Kétu